Àtẹ Sáà Tó Já Lójijì: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Sọ́fítíbọ́ọ̀lù Yunifásítì

Ìbéèrè tó pọ̀ jù nínú àpò lẹ́tà wa lóṣù yìí dá lórí sáà 2020, èyí tí àrùn Kòrónà gé kúrú nígbà tí eré ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. Àwọn òbí tí ọmọbìnrin wọn ń gbá sọ́fítíbọ́ọ̀lù (eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi lù, bíi baseball) ní yunifásítì Amẹ́ríkà ń wo àkọsílẹ̀ ọdún náà, nọ́ńbà ibẹ̀ ò sì bára mu lójú wọn. Nọ́ńbà wọ̀nyẹn ò purọ́. Ohun tí wọ́n ń kà ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo wo àtẹ kọ́ńfáráǹsì Pac-12 ti ọdún 2020. UCLA borí eré 25, síbẹ̀ 0-0 (ìborí òdo, ìpàdánù òdo) ni wọ́n kọ síwájú orúkọ wọn. Washington náà, 0-0. Gbogbo wọn pátá, 0-0. Ṣé àṣìṣe ìtẹ̀wé ni? (Bàbá ọmọ kan, Los Angeles)

Kì í ṣe àṣìṣe, bàbá. Oríṣi ìṣirò méjì ló wà lórí àtẹ náà, òpó tí ẹ wò sì jẹ́ ti kọ́ńfáráǹsì nìkan. Kọ́ńfáráǹsì ni àkójọ àwọn yunifásítì tó ti fẹnu kò pé àwọn yóò máa bá ara wọn figagbága lọ́dọọdún, kí wọ́n lè mọ ẹni tó máa gba adé láàrin wọn. Eré tí wọ́n bá gbá pẹ̀lú ará ìta kì í wọ òpó yẹn rárá. Òpó kejì, ti àròpọ̀ gbogbo eré, ló ń lọ.

Oṣù Kejì ni sáà máa ń bẹ̀rẹ̀. Òtútù ṣì ń mú gan-an ní àríwá Amẹ́ríkà lásìkò yẹn, nítorí náà àwọn ẹgbẹ́ máa ń lọ síbi tí oòrùn wà, bíi California, Arizona àti Florida, láti lọ gbá ìdíje òpin ọ̀sẹ̀. Ọ̀kan tó lókìkí nínú wọn ni Mary Nutter Collegiate Classic tó ń wáyé ní Cathedral City, California. Ẹgbẹ́ kan lè gbá eré márùn-ún láàrin Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́ Àìkú. Ìdí nìyẹn tí UCLA fi lè ti gbá eré 26 kí oṣù Kẹta tó dé ìdajì.

Yunifásítì mẹ́sàn-án ló ń gbá sọ́fítíbọ́ọ̀lù nínú Pac-12 nígbà náà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan máa pàdé mẹ́jọ yòókù, eré mẹ́ta-mẹ́ta lópin ọ̀sẹ̀ kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 24. Eré wọ̀nyí ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni nígbà tí NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì, kéde ní Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù Kẹta, pé àwọn ti fagi lé gbogbo ìdíje àṣekágbá tó kù lọ́dún náà. Nínú eré Pac-12, ẹnikẹ́ni ò tíì ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. 0-0 náà, òótọ́ ni. Kọ́ńfáráǹsì Big 12 náà rí bẹ́ẹ̀: ẹgbẹ́ méje, eré 18 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tí wọ́n ti gbá.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ṣe sí kí ilẹ̀kùn tó tì, òpó àròpọ̀ ni kí ẹ wò: UCLA 25-1, Washington 23-2, Oregon 22-2, Arizona 22-3. Ẹgbẹ́ mẹ́rin láti inú kọ́ńfáráǹsì kan ṣoṣo, tí kò sí èyí tó pàdánù ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ! Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ì bá ti kojú ara wọn láàrin oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, ẹnìkan ì bá sì ti gbo ewúro sí ẹnìkejì lójú. Èyí gan-an ló dùn wá jù nínú ohun tí sáà náà gbà lọ́wọ́ àwọn olùwòran.

Lórí àtẹ kan, mo rí ẹgbẹ́ tí kò tíì gbá eré kọ́ńfáráǹsì kankan tí wọ́n tò sábẹ́ ẹgbẹ́ tó ti pàdánù méjì nínú mẹ́ta. Lórí àtẹ mìíràn fún sáà kan náà, òun ló wà lókè ẹni yẹn. Èwo ni ká gbà gbọ́? (Olólùfẹ́ eré ìdárayá, Ìbàdàn)

Méjèèjì ló ní òfin tó tẹ̀lé. Ọ̀pá ìdíwọ̀n méjì ni wọ́n lò, ọ̀pá méjèèjì sì máa ń fohùn ṣọ̀kan nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ bá ti gbá iye eré kan náà. Bí iye eré bá ti yàtọ̀, ìjà dé.

Ọ̀pá àkọ́kọ́ ni ìpín ìborí. Ẹ fi iye eré tí ẹgbẹ́ gbá pín iye eré tó borí. Ọ̀mì kan, bó bá wà, ìborí ààbọ̀ ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń kọ ọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́yìn àmì, wọn kì í kọ òdo síwájú rẹ̀. UCLA tó gbá 26 tó sì borí 25 wà ní .962. Washington wà ní .920, Oregon .917, Arizona .880.

Ọ̀pá kejì ni òpó tí wọ́n kọ GB sí lókè, èyí tó ń sọ iye eré tí ẹgbẹ́ kan fi wà lẹ́yìn aṣíwájú. Ẹ yọ ìborí ẹni tó wà lẹ́yìn kúrò nínú ìborí aṣíwájú. Ẹ yọ ìpàdánù aṣíwájú kúrò nínú ìpàdánù ẹni tó wà lẹ́yìn. Ẹ ro èsì méjèèjì pọ̀, kí ẹ pín in sí méjì. Ẹ jẹ́ ká fi àròpọ̀ UCLA àti ti Arizona dán an wò: 25 yọ 22 jẹ́ 3, 3 yọ 1 jẹ́ 2, 3 àti 2 jẹ́ 5, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 2½. Arizona fi eré méjì ààbọ̀ wà lẹ́yìn.

Ẹ wá wo ibi tí wàhálà wà. Ká ní kọ́ńfáráǹsì kan ní ẹgbẹ́ márùn-ún, A, B, C, D àti E, tí wọ́n sì gbá òpin ọ̀sẹ̀ kan péré kí wọ́n tó tì í. Ẹgbẹ́ A na ẹgbẹ́ E ní ẹ̀ẹ̀mẹta. B borí D lẹ́ẹ̀mejì, D sì borí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. C sinmi, nítorí níbi tí iye ẹgbẹ́ kò bá ti ṣe é pín sí méjì, ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan (bẹ́ẹ̀ náà ni ì bá rí nínú Pac-12 tó ní mẹ́sàn-án). Àkọsílẹ̀ wọn di A 3-0, B 2-1, D 1-2, E 0-3, C 0-0.

Bí a bá fi GB wọ̀n wọ́n, B wà lẹ́yìn A pẹ̀lú eré 1, C pẹ̀lú 1½, D pẹ̀lú 2, E pẹ̀lú 3. C tí kò ju bọ́ọ̀lù kan bọ́ sí àárín gbùngbùn àtẹ, ó sì fi ààbọ̀ eré ṣáájú D tó làágùn. Bí a bá fi ìpín ìborí wọ̀n wọ́n, C kò ní ìpín kankan: a ò lè fi òdo pín òdo. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í fẹ́ fi àyè sílẹ̀, .000 ló máa ń tẹ̀ síbẹ̀, C á sì wá di ọ̀kan náà pẹ̀lú E tí wọ́n nà lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí ẹ rí nìyẹn.

Ní tiwa, a kò gbà pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ 0-0 ní ipò rárá. Ẹ fi ìlà kékeré sí òpó ìpín rẹ̀, kí ẹ tò ó sí ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, bóyá ní ìlànà álífábẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó ń kà á lè mọ̀ pé wọn ò tíì dán an wò. .000 jẹ́ ẹ̀sùn, ẹgbẹ́ náà ò sì ṣẹ̀.

Bí ẹ bá ń tún àtẹ irú sáà bẹ́ẹ̀ tò fúnra yín, ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi mú àṣìṣe. Ẹ ro gbogbo ìborí tó wà ní òpó kọ́ńfáráǹsì pọ̀, kí ẹ ro gbogbo ìpàdánù náà pọ̀. Iye méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba, nítorí inú ilé kan náà ni olúborí àti ẹni tí wọ́n nà ti wá. Nínú àpẹẹrẹ wa, 6 ni ìborí, 6 ni ìpàdánù. Bí ó bá jẹ́ 7 sí 6, eré kan ti ṣìnà wọlé, tàbí ẹnìkan gbàgbé láti kọ èsì sí ọ̀dọ̀ ẹni tó pàdánù. Àṣìṣe mìíràn wà tí ìṣirò yìí kò lè mú: ẹgbẹ́ méjì inú kọ́ńfáráǹsì kan náà lè pàdé ní ìdíje oṣù Kejì ní California. Eré yẹn kì í ṣe ti kọ́ńfáráǹsì, ó kàn ṣẹlẹ̀ pé ojúlùmọ̀ pàdé lójú ọ̀nà ni. Ẹni tó bá kà á mọ́ ọn á fi ìborí kan àti ìpàdánù kan kún un, àròpọ̀ á ṣì dọ́gba, àtẹ á sì ti bàjẹ́. Àfi kí ẹ wo ètò eré ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń sàmì sí eré kọ́ńfáráǹsì níbẹ̀, ìràwọ̀ kékeré ni àmì náà lọ́pọ̀ ìgbà.

Bí ẹgbẹ́ méjì bá ní ìpín kan náà, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ wò ni èsì eré tí àwọn méjèèjì bá ara wọn gbá, lẹ́yìn náà bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ṣe sí ẹgbẹ́ tó wà lókè téńté, kí wọ́n máa bọ̀ wá sílẹ̀. Nínú sáà tó já, àwọn méjèèjì sábà máa ń jẹ́ ẹni tí kò tíì pàdé ara wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ wà ní ipò kan.

Eré ọmọ mi dúró ní inning kẹrin nítorí òjò. Wọ́n ní àwọn máa parí rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ni wọ́n bá ti gbogbo nǹkan pa. Ṣé ìpàdánù ni wọ́n máa kọ fún wọn? (Ìyá ọmọ kan, Atlanta)

Rárá o, màmá. Inning méje ni eré sọ́fítíbọ́ọ̀lù, inning kan sì ni ìpín eré tí ẹgbẹ́ méjèèjì ti máa ń lu bọ́ọ̀lù, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Kí èsì tó lè dúró, ó gbọ́dọ̀ pé inning márùn-ún, tàbí mẹ́rin ààbọ̀ bó bá jẹ́ pé onílé ló ń ṣíwájú, torí pé kò nílò ìdajì tó kù. Èyí tó dúró ní ìkẹrin tí wọn ò sì padà sí mọ́ kò wọ inú ìborí, kò wọ inú ìpàdánù.

Eré tí wọ́n fagi lé nítorí àrùn náà kò sì jẹ́ ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ìpàdánù tipátipá, tí wọ́n máa ń kọ ní 7-0, wà fún ẹgbẹ́ tó kọ̀ láti gbá tàbí tí kò lè kó èèyàn tó pé jọ síbi eré.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú gbé ife fún UCLA? Àwọn ni gbogbo ìdìbò gbé sókè. (Akẹ́kọ̀ọ́, Èkó)

Ìdìbò àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá àti àwọn oníròyìn jẹ́ èrò wọn nípa ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ife NCAA, orí pápá ni wọ́n ti ń gbà á. Ẹgbẹ́ 64 ló ń wọ ìdíje náà: àwọn tó gba adé kọ́ńfáráǹsì wọn ń wọlé fúnra wọn, ìgbìmọ̀ a sì yan ìyókù. Wọ́n á pín wọn sí ibùdó 16, mẹ́rin-mẹ́rin. Àwọn 16 tó bá yege á dojú kọ ara wọn ní méjì-méjì, ẹni tó bá kọ́kọ́ borí eré méjì á kọjá. Àwọn mẹ́jọ tó kù á wá lọ sí Oklahoma City fún àṣekágbá. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo èyí tó wáyé ní 2020. Láti 1982 tí NCAA ti gba àkóso ìdíje náà, ọdún yẹn nìkan ni wọn kò gbá a. UCLA gba ti 2019, Oklahoma gba ti 2021.

Ẹ tún wo ohun tí 25-1 dúró fún. Eré 56 ni òfin gba ẹgbẹ́ kan láyè láti gbá nínú sáà kan kí ìdíje àṣekágbá tó dé. 26 kò tó ìdajì rẹ̀, ìdajì tó le jù ló sì kù, torí gbogbo eré 24 ti Pac-12 ṣì wà níwájú. Síbẹ̀ a ò ní fojú kéré ohun tí àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn ṣe, nítorí wọ́n ṣe é láìsí Rachel Garcia, ajubọ́ọ̀lù wọn tí wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Amẹ́ríkà ní 2019. Ó ti yọ̀ǹda sáà 2020 láti bá ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà gbára dì fún Òlíḿpíìkì Tokyo. Wọ́n sún Òlíḿpíìkì náà sí 2021, ó sì padà wá gbá fún UCLA lọ́dún yẹn kó tó lọ sí Japan.

Ní 2021, Michigan gba adé kọ́ńfáráǹsì Big Ten, síbẹ̀ ìgbìmọ̀ NCAA kò fi wọ́n sínú ẹgbẹ́ 16 tí wọ́n kà sí alágbára jù. Ṣé ojúsàájú kọ́ nìyẹn? (Òǹkàwé, Detroit)

A mọ ìbínú yẹn, ó sì tọ́ sí wọn. Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ wá ni pé Big Ten pinnu pé, nítorí àrùn, àwọn ẹgbẹ́ òun ò ní bá ará ìta gbá rárá kí ìdíje NCAA tó dé. Wọ́n ṣètò eré 44 láàrin àwọn ẹgbẹ́ 14 tiwọn. Michigan borí 36, wọ́n pàdánù 6, àwọn méjì kò sì wáyé. Ìpín ìborí wọn jẹ́ .857.

Ohun èlò tí ìgbìmọ̀ ń lò púpọ̀ ni RPI, ìṣirò tó ń fi nọ́ńbà wọn bí ẹgbẹ́ ṣe lágbára tó. Ìdá mẹ́rin ni wọ́n pín in sí: ìdá kan jẹ́ ìpín ìborí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, ìdá méjì jẹ́ ìpín ìborí àwọn tó bá gbá, ìdá kan tó kù jẹ́ ti àwọn tí àwọn wọ̀nyẹn bá gbá. Ẹ rántí ohun tí a sọ lókè pé nínú ilé kan, ìborí àti ìpàdánù gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ẹgbẹ́ 14 bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí tí wọ́n ń gbá láàrin ara wọn, ìpín ìborí àwọn alátakò yóò máa rọ̀gbà yí .500 ká, bó ti wù kí wọ́n gbóná tó. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó ní .857 á rí nǹkan bíi .214 láti inú ìborí tirẹ̀, á sì rí .375 láti inú ìdá mẹ́ta yòókù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ .589.

Ẹ fi wé ẹgbẹ́ kan níta tó borí ní ìpín .750 péré, ṣùgbọ́n tí àwọn alátakò rẹ̀ wà ní .620 nítorí pé wọ́n ti na àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké lóṣù Kejì, tí àwọn alátakò ti àwọn alátakò náà sì wà ní .560. Tirẹ̀ á jẹ́ .188 pẹ̀lú .310 pẹ̀lú .140, àpapọ̀ .638. Ẹni tó pàdánù jù ti ga jù.

Kóńgò ọjà kan kì í bá ti ọjà kejì dọ́gba. Ẹ ò lè mọ èyí tó gbà jù láìjẹ́ pé ẹnìkan wọn ìrẹsì láti inú ọ̀kan sínú èkejì. Eré oṣù Kejì pẹ̀lú ará ìta ni ìrẹsì yẹn, Big Ten kò sì ní ẹyọ kan lọ́dún náà. Ìgbìmọ̀ rán Michigan lọ sí Seattle, sí ilé Washington tí wọ́n fi sí ipò 16, Washington ló sì jáde láti ibùdó náà. Lójú tiwa, ó yẹ kí ìgbìmọ̀ ti pa RPI tì fún àwọn ẹgbẹ́ tí kò bá ará ìta gbá, kí wọ́n jókòó wo bí wọ́n ṣe ń gbá, ajubọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, eré kọ̀ọ̀kan.

Ọmọbìnrin mi wọ yunifásítì ní 2019. Ìwé rẹ̀ fi hàn pé ó gbá ní 2020, 2021, 2022, 2023 àti 2024. Ẹbí kan ní bóyá ó fìdí rẹmi ni, nítorí sáà mẹ́rin ni gbogbo ènìyàn ń gbá. (Ìyá ọmọ kan, Houston)

Ẹ sọ fún ẹbí yẹn pé kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, màmá. Lóòótọ́, sáà mẹ́rin láàrin ọdún márùn-ún ni òfin Division I, ìpele tó ga jù nínú NCAA, nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní 30 oṣù Kẹta 2020, ìgbìmọ̀ Division I dìbò pé sáà tó já yẹn kò ní jẹ nínú mẹ́rin ẹnikẹ́ni tó wà nínú eré ìgbà ìrúwé, wọ́n sì fi ọdún kan kún ọdún márùn-ún náà. Ọmọ yín lo 2020 lọ́fẹ̀ẹ́, ó wá lo mẹ́rin tirẹ̀ láti 2021 dé 2024.

Ọ̀rọ̀ owó ló le fún àwọn tó wà ní ọdún àṣekágbá ní 2020. Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ 12 péré ni ẹgbẹ́ sọ́fítíbọ́ọ̀lù kan ní nígbà náà láti pín fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ń gba ìdajì tàbí ìdá mẹ́rin. NCAA ní ẹni tó bá padà sí ilé-ẹ̀kọ́ kan náà kò ní jẹ nínú 12 yẹn fún ọdún kan. Ṣùgbọ́n wọn ò fi dandan lé e pé kí ilé-ẹ̀kọ́ san iye tó ń san tẹ́lẹ̀. Wọ́n lè dín in kù, wọ́n lè má san kọ́bọ̀. Àwọn kan padà wá láìgba nǹkan kan, torí pé wọ́n fẹ́ parí ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ní kọ́ńfáráǹsì Ivy League, tó kọ́kọ́ fagi lé sáà tirẹ̀ ní 11 oṣù Kẹta, ẹni tó bá ti gba oyè àkọ́kọ́ kì í lè gbá mọ́. Ẹni tó gba oyè níbẹ̀ ní 2020 tó sì fẹ́ lo sáà àfikún ní láti wá yunifásítì mìíràn lọ.

Ohun kan kù tó yẹ kí ẹ mọ̀ nígbà tí ẹ bá ń ka ìwé ọmọ yín. Bí sáà 2020 kò tilẹ̀ jẹ nínú mẹ́rin, àwọn nọ́ńbà rẹ̀ kò pa rẹ́. Gbogbo bọ́ọ̀lù tó gbá, gbogbo ẹni tó lé jáde, gbogbo inning tó jù lọ́dún náà ti wọ àròpọ̀ gbogbo ọdún rẹ̀. Bí wọ́n bá fi àròpọ̀ rẹ̀ wé ti ẹni tó gbá ṣáájú 2020, ẹ pín in pẹ̀lú iye eré tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbá, ẹ má fi iye sáà pín in, nítorí sáà àkọ́kọ́ ọmọ yín lè má ju eré 25 lọ.